Ta Ló Wà Nídìí Géètì Rélùwéè?

Aago ṣì ń dún nínú ilé ìṣọ́ méjèèjì nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí pa á. Ọkọ̀ ojú irin ti kọjá géètì kó tó ráyè dúró. Géètì náà wà lókè gbọnrangandan, kò sẹ́ni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ káfíńtà kan ti ká kò sábẹ́ ọkọ̀. Àga tuntun tó dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, tó ń gbé lọ fún oníbàárà, ti fò bọ́ sínú koríko, kò sì ní ìbàjẹ́ kankan. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti fi aṣọ bò.

Inú bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má bàa máa wá a kiri: inú ti ń bí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tíì rọ̀. Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé mo kúrú, mo sì ń ta. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mo ń ṣe. Àwọn kan máa ń fi sùúrù ṣe é, sùúrù ò sì sí nínú ẹrù tí ìyá mi dì fún mi.

Ibi tí títì àti ojú irin ti pàdé ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ilé ìṣọ́ kan wà lápá ọ̀tún ojú irin, ìkejì wà lápá òsì, aṣọ́géètì kan sì máa ń jókòó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí aago bá dún pé ọkọ̀ ń bọ̀, èyíkéyìí nínú wọn lè tẹ bọ́tìnnì kan, géètì ọ̀tún àti ti òsì á sì sọ̀ kalẹ̀ pa pọ̀. Nítorí náà, òfin gbà kí ẹnìkan jáde, bí ẹnìkejì bá ṣáà ti wà níjòókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló jáde.

Mo wọ ilé ìṣọ́ ọ̀tún. Wọ́n ti yí àga ibẹ̀ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí fèrèsé tí wọ́n fi ń wo òdìkejì. Mo sọdá sí tòsì. Ẹnìkan ti fi páálí dí fèrèsé tibẹ̀, ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ọn dáadáa.

"Sájẹ́ǹtì," mo ní, "ta ló ń fi páálí dí ibi tó yẹ kó máa gbà ríran?"

"Ó lè jẹ́ torí oòrùn, ọ̀gá."

"Òrùlé ti bo ibẹ̀. Oòrùn ò débẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé yìí."

Mo ní kó lọ pa aago, kó sì kó àwọn aṣọ́géètì méjèèjì wá sí àgọ́, kí ó fi olúkúlùkù sí yàrá tirẹ̀.

*

Òpó ni gbogbo ayé ń pe aṣọ́géètì apá ọ̀tún, nítorí pé ó ga. Ó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, irun orí rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ jáde àbí ẹ ò jáde?"

"Mo jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ."

"Ta lẹ fi géètì sílẹ̀ fún?"

"Ẹnìkejì mi. Mo tẹ kọ̀ǹpútà pé mo fẹ́ jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹnìkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní kò sí ni, ẹ̀rọ yẹn ò ní gbà fún mi."

"Ẹ rí ẹnìkejì náà sójú?"

"Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà."

"Mo ní sójú, bàbá. Ojú irin nìkan ló wà láàárín yín. Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ó máa gbọ́."

Ó wo ilẹ̀. "A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀."

Mo kọjá sí yàrá kejì. Baba Ìbejì ni aṣọ́géètì apá òsì. Ọkọ àbúrò Òpó ni, ó kéré sí i dáadáa, ó sì láyà ju ti Òpó lọ.

"Mo lọ ra búrẹ́dì," ó ní. "Kí n tó dìde, mo tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹnìkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo rí nìyẹn, ibi yòówù kí ẹ gbé mi dé, ohun tí mo máa sọ nìyẹn."

"Páálí ojú fèrèsé yín ńkọ́?"

"Èmi ni mo kàn án. Mi ò fẹ́ máa rí i."

"Rí ta?"

"Òpùrọ́ yẹn."

Mo jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti dájọ́ tirẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ wọn bára mu jù, wọ́n ti jọ hun irọ́ náà pọ̀ ni. Èmi náà kọ́kọ́ fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn méjì tó jọ hun irọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sójú kan. Ẹni tó kan páálí mọ́ fèrèsé torí kó má bàa rí àna rẹ̀, ìgbà wo ni yóò ráyè bá àna náà ṣètò irọ́?

*

Ọ̀gá Rélùwéè, ẹni tó ń darí àwọn aṣọ́géètì, wọ ọ́fíìsì mi láìkan ilẹ̀kùn. Kóòtù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbé bébà kan dání.

"Màdáàmù, ọ̀rọ̀ ti parí." Ó tẹ́ bébà náà síwájú mi. "Ẹ̀rọ wa ló tẹ èyí jáde. Òpó ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àna rẹ̀ tó jáde. Bí Òpó bá ti jáde, báwo ni ẹ̀rọ ṣe fẹ́ sọ fún ọkùnrin yẹn pé Òpó ṣì wà? Irọ́ ló ń pa. Ó ti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan rẹ́ ẹ̀rọ jẹ. Ẹ fi ẹ̀sùn kàn án, kí gbogbo wa sinmi."

Mo yẹ bébà náà wò. Òótọ́ ni, orúkọ Òpó ló ṣáájú.

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rọ yín kì í ṣì í?"

"Ẹni tó ṣe é."

"Ẹ ní kó wá bá mi."

"Kò sí ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Mo ti bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, mo fẹ́ gbọ́ pé ẹ ti gbé e lọ sílé ẹjọ́."

Ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀, kò dárúkọ káfíńtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn gan-an ló mú kí n gbé bébà rẹ̀ sápá kan, tí mo sì pinnu pé mi ò ní fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni kí n tó mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn.

*

Obìnrin kan ti ń dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ìbejì ni, ìyàwó ọ̀kan, àbúrò ìkejì. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Ọ̀gá wọn wá bá mi nílé," ó ní. "Ó ní ọ̀kan nínú wọn ló ń parọ́. Ó ní kí n lọ bẹ ọkọ mi pé kó jẹ́wọ́. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi á padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì ní lé èmi àti àwọn ọmọ kúrò nínú ilé tí iṣẹ́ fún wa. Bí kò bá jẹ́wọ́, àwọn méjèèjì ló máa lọ sẹ́wọ̀n."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ, mà? Ẹni tó bí àwọn ọmọ mi nìyí, ẹni tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ó ní kí n rò ó, ó bá wọ mọ́tò rẹ̀ lọ."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Ó ti wá sọ́dọ̀ mi láti ní kí n yan ẹni tí mo máa mú, ó tún ti lọ sílé wọn láti ní kí obìnrin yìí bá mi yàn án. Mo rọra fa àga fún un, ó wá jókòó.

"Ìyá Ìbejì, kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì?"

Ó kọ́kọ́ mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un wálé fún mi, mà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n kì í jẹun kí ọ̀kan má pe ìkejì. Ọjọ́ kan báyìí, wọ́n bá ara wọn pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn ojú irin. Àwọn méjèèjì jáde, olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì wà nílé ìṣọ́. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n mi ló yọ́ jáde láìtẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, òun tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi ló yọ́ jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe ara wọn ní òpùrọ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń jíṣẹ́ láàárín wọn nínú ilé kan náà."

Mo ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ ní àwọn méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣáájú ọ̀rọ̀ káfíńtà?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ kankan ò kọjá lásìkò yẹn ni."

"Ta ló gbọ́ nípa rẹ̀?"

"Wọ́n lọ fẹjọ́ ara wọn sun ọ̀gá. Ọkọ mi lọ láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́sàn-án. Ọ̀gá ní òpùrọ́ ni àwọn méjèèjì, kí wọ́n má wá fi ìjà ẹbí da òun láàmú mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ sílé, kó má sọ ohunkóhun fún ọ̀gá yẹn. Gbogbo ìgbà yìí, mo ti ka ìjà wọn sí ohun tó ń dí mi lójú. Àṣé òun ni ẹ̀rí tó tóbi jù lọ́wọ́ mi. Ohun tó pa káfíńtà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni, èèyàn méjì sì ti lọ sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́.

*

Èmi fúnra mi ni mo ránṣẹ́ pe oníkọ̀ǹpútà tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì wá, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì mi bí oníṣòwò tó mọ ọjà rẹ̀.

"Kò lè rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mà. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Aṣọ́géètì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ìlà tó ń sọ bóyá ó wà tàbí ó ti jáde. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yí ìlà kan padà, ẹ̀rọ á ti ìlà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlòmíì tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án á dúró títí ti àkọ́kọ́ á fi parí. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó ṣí ìlà Òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì ṣí ìlà kan náà lórí kọ̀ǹpútà kejì. Sájẹ́ǹtì tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Nígbà tí oníkọ̀ǹpútà parí tirẹ̀ ni ti Sájẹ́ǹtì tó gbéra. Sájẹ́ǹtì wò mí pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

"Ó dára," mo ní. "Bí Òpó bá fẹ́ jáde, ìlà ta ló ń yí padà?"

"Tirẹ̀, mà."

"Bí àna rẹ̀ bá fẹ́ jáde ńkọ́?"

"Tirẹ̀ náà."

"Nínú àwọn méjèèjì, ta ló wá ń dúró de ta?"

Ó fa kọ̀ǹpútà kan mọ́ra, ó ń wo ìlà méjèèjì.

"Má tíì dáhùn. Bí Òpó bá ti tẹ 'Mo fẹ́ jáde', àmọ́ tí kò tíì tẹ 'Parí', kí ni àna rẹ̀ máa rí nípa rẹ̀?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ̀rọ kì í fi iṣẹ́ tí kò tíì parí han ẹlòmíì, mà. Torí èèyàn lè yí ọkàn padà kó tó parí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Kí ló wà láàárín bọ́tìnnì àkọ́kọ́ àti 'Parí'?"

"Ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ jáde. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ló ní kí n fi í síbẹ̀, ó ní wọ́n ti ń jáde jù."

Mo ní kí wọ́n mú Òpó wá, kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó kọ ohun tó kọ lọ́jọ́ náà. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń wá lẹ́tà. Ó rí ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ojú sókè wò ó bóyá ó dé ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkejì. Sájẹ́ǹtì po tíì, ó mu ún tán, Òpó ò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ 'ìgbọ̀nsẹ̀'. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

"Wò ó," mo sọ fún oníkọ̀ǹpútà. "Bàbá yìí tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ wo ìlà àna rẹ̀, ó ní ó wà. Bàbá ń wá lẹ́tà. Níbi tó ti ń wá a, àna rẹ̀ náà tẹ tirẹ̀. Ẹ̀rọ wo ìlà bàbá, ó ní ó wà, torí bàbá ò tíì parí. Ọ̀kan parí, ìkejì parí. Olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ti ilẹ̀kùn ilé. Bébà tí ọ̀gá yín gbé wá sọ ẹni tó kọ́kọ́ parí fún mi. Kò sọ ohun tí olúkúlùkù rí kó tó dìde."

Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. "Ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kó wà fún géètì fúnra rẹ̀," ó ní. "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde, ìlà yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ tì. Ẹnìkejì ì bá dúró. Nígbà tó bá sì máa wò, ì bá rí i pé ẹnìkan ti lọ."

"Kí ló dé tí o ò fi í síbẹ̀?"

"Mo dán ìlà kan wò, ó ṣiṣẹ́. Mi ò dán èèyàn méjì wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó jẹ́wọ́.

*

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró ní ibùdó, kí wọ́n sì sé títì. Mo kó gbogbo wọn wá sídìí géètì. Òpó àti Baba Ìbejì dúró lẹ́bàá títì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìyá Ìbejì dúró láàárín wọn, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Rélùwéè ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ wọ ilé ìṣọ́ ọ̀tún, ọ̀gá," mo ní. "Bí mo bá ti gbé ọwọ́ sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ jáde. Bí ẹ̀rọ bá ní ẹnìkejì wà, ẹ kọ ìdí yín, ẹ parí, kí ẹ máa bọ̀. Bó bá ní kò sí, ẹ jókòó yín."

"Màdáàmù, eré ọmọdé lẹ ń ṣe."

"Ẹ bá mi ṣe é."

Mo fi oníkọ̀ǹpútà sí tòsì. Òfin kan náà ni mo fún un. Mo gbé ọwọ́ sókè.

Oníkọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ yọjú, ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀gá náà fi jáde, tó ń tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin kó tó gbójú sókè, tó rí ẹnìkejì rẹ̀ lódìkejì. Ó dúró sójú kan. Lẹ́yìn wọn, ilé ìṣọ́ méjèèjì ṣófo.

"Ta ló wà nídìí géètì, ọ̀gá?"

"Ó... ẹ̀rọ ní ẹnìkejì wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ rí i lójú kọ̀ǹpútà?"

"Mo rí i."

"Sájẹ́ǹtì, wo ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ta ló jáde kẹ́yìn?"

"Ọ̀gá ni, mà."

"Ẹni tó jáde kẹ́yìn ni òpùrọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi. Irọ́ wo lẹ wá pa báyìí?"

Ó nu ojú rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó fẹ́ ká jọ yanjú ọ̀rọ̀. "Ẹ ti rí i báyìí pé ẹ̀rọ ni. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Jàǹbá ni, Màdáàmù, gbogbo wa la máa fi ṣọgbọ́n."

Mo sún mọ́ ọn débi tó fi ní láti wo ìsàlẹ̀ kó tó rí mi.

"Èèyàn méjì wá bá yín lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ní òun tẹ̀ ẹ́, ìkejì ní òun tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì sì bára wọn níta. Ẹ ò pe ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Ẹ ò wá jókòó sídìí rẹ̀ bí ẹ ṣe jókòó lónìí. Ẹ pè wọ́n ní òpùrọ́. Nígbà tí èèyàn wá kú, ẹ lọ sílé obìnrin yìí, ẹ ní kó fa ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ tàbí kó pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ ti mọ̀, ọ̀gá."

"Mo rò pé ìjà ẹbí ni."

"Sájẹ́ǹtì, bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Má kó méjèèjì sápò, a máa lo ọ̀kan."

Ẹ̀yìn mọ́tò wa ni Ọ̀gá Rélùwéè bá kúrò níbẹ̀. Ó ń dárúkọ àwọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, mo sì jẹ́ kó máa dárúkọ wọn.

Mo rò pé Ìyá Ìbejì máa sunkún, tàbí kó dì mọ́ ẹnìkan. Kò ṣe ọ̀kankan. Òpó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí irin ti dá àpá sí i.

"Ọjọ́ tí a pàdé nídìí ẹ̀rọ omi," ó ní, "o tẹ̀ ẹ́?"

"Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi náà tẹ̀ ẹ́."

Baba Ìbejì na ọwọ́ sí i, Òpó gbà á.

"Ṣé ẹ rí i," Ìyá Ìbejì ní. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Kò gùn. Kò le. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti bi ara yín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ bá ti mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ò dáa. Bí ẹnìkan nínú yín bá yọjú ní fèrèsé lọ́sàn-án ijọ́sí, tó pe ẹnìkejì, ọkùnrin yẹn ì bá ti gbé àga rẹ̀ délé oníbàárà."

"Ìyá Ìbejì," ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má pè mí. Ẹnu yín ti là báyìí, mo dúpẹ́. Ìyàwó káfíńtà wà nílé rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ọ̀kan nínú yín mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin. Ẹ wá lọ sọ bó ṣe jẹ́ fún un, ẹ̀yin méjèèjì, látorí ẹ̀rọ dé orí páálí."

Wọ́n wò mí, bí ẹni pé kí n bá wọn sọ pé kò pọn dandan lónìí. Òfin ti tú wọn sílẹ̀, ibi tí iṣẹ́ tèmi mọ nìyẹn. Ìyá Ìbejì ti sọdá ojú irin, ó ń lọ lójú títì láìwẹ̀yìn, wọ́n sì tẹ̀ lé e.